Ẹsẹ̀ Rọ́bà ti Ìlú Jaipur

Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn máa ro ti ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń rìn. Ọmọ ilé-ìwé tí ó fẹ́ dé kíláàsì kí aago tó lù yóò sáré, yóò fo kòtò, yóò gun òkè, kò sì ní í bi ara rẹ̀ léèrè bí ọrùn ẹsẹ̀ òun ti ń yí tàbí bí gìgísẹ̀ òun ti ń gba ilẹ̀. Àfi ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe ẹsẹ̀ náà. Bí ó bá wá di pé wọ́n gé e kúrò, nígbà náà ni olúwa rẹ̀ yóò tó jókòó ka gbogbo iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ kan ń ṣe láti òwúrọ̀ títí di alẹ́: dídìde lórí ibùsùn, lílọ sí ẹ̀yìnkùlé, lílóṣòó ti iná, fífi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá di ẹrù mú.

Ohun tí ń mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ènìyàn pọ̀. Ọkọ̀ lè tẹ̀ ẹ́. Àtọ̀gbẹ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ dáadáa mọ́, kí egbò kékeré sì di ńlá. Àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun lè bú mọ́ àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn tí ogun ti parí tipẹ́. A sì ń rí ẹsẹ̀ tí ó kàn ṣẹ́ lásán, tí ìbá sì san, ṣùgbọ́n tí àwọn tí ń to eegun fi igi àti okùn dì pinpin títí ẹran ara fi kú. Irú èyí wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, ó sì ń dun ni púpọ̀, nítorí pé ohun tí ó pa ẹsẹ̀ náà kì í ṣe ìjàǹbá tí ó ṣẹ́ ẹ, okùn tí wọ́n fi dì í ni.

Bí dókítà bá ti sọ pé gígé nìkan ni ó kù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í kọ̀. Wọn a ní kí àwọn kú pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì sàn ju kí àwọn wà láàyè pẹ̀lú ẹyọ kan lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹni tí ń sọ ọ́ ti rí ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ń fi ìdí wọ́ ní ẹnu ọjà, kò sì tíì rí ẹlẹ́sẹ̀ kan tí ń kọ ebè. Ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí ni ọkàn rẹ̀ kò lè gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ gbà kí wọ́n gba ẹ̀mí òun là, ó yẹ kí ó lè fi ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀bẹ hàn án.

Iṣẹ́ ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ kì í pẹ́. Láàrin wákàtí díẹ̀ ó ti parí. Iṣẹ́ tí ó tẹ̀lé e ni ó ń pẹ́, kò sì sí dókítà tí ó lè dá a ṣe. Ibi tí ó kù lára ẹsẹ̀ náà, tí ó dàbí kùkùté igi, yóò wú. Wọn yóò fi báńdéèjì tí ń fà bí rọ́bà wé e, kí ó fún ní ìsàlẹ̀ ju òkè lọ, kí omi tí ó wà nínú ẹran ara lè lọ sókè, kí kùkùté náà sì lè joro dé ìwọ̀n tí yóò fi wọ inú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Wọn yóò tú u, wọn yóò sì tún un wé, lẹ́ẹ̀mélòó kan ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìrọ̀rí tí àwọn ẹbí bá fi ìfẹ́ kì sí abẹ́ orúnkún aláìsàn, èèwọ̀ ni. Nítorí pé bí orúnkún bá ká kò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣan rẹ̀ yóò súnkì, kò sì ní í nà tán mọ́, ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò bá sì nà kò lè fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rìn dáadáa. Dípò ìrọ̀rí, wọn yóò ní kí ó dojú bolẹ̀ lórí ibùsùn fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ìbàdí rẹ̀ lè nà. Kì í bá aláìsàn lára mu. A máa bínú sí wọn. Ìyá rẹ̀ tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò yóò sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ọmọ òun sílẹ̀ kí ó sinmi.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń dẹ́rù ba aláìsàn ju ìrora lọ. Ní òru, ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti sin, yóò máa yún un. Yóò na ọwọ́ láti họ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì bọ́ sórí aṣọ ibùsùn lásán. Nígbà mìíràn yóò dàbí ẹni pé àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà ká kò, tí wọn kò ṣeé nà, tí ìrora wọn sì ń gún un bí abẹ́rẹ́. Ẹlòmíràn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má bàa ní orí rẹ̀ ti dàrú. Silas Weir Mitchell, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ó tọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ wọn láàrin ọdún 1861 sí 1865, rí i lára ọ̀pọ̀ wọn. Ní ọdún 1871 ó sọ nǹkan náà lórúkọ, ó fi í wé iwin. Orúkọ lásán ni, kò sí iwin kankan níbẹ̀. Ọpọlọ ni kò tíì gbà pé ẹsẹ̀ ti lọ: àyè tí ó yà sọ́tọ̀ fún un kò tíì kúrò nínú rẹ̀, ó sì ń retí ìròyìn láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1990, V. S. Ramachandran, onímọ̀ ọpọlọ tí wọ́n bí ní Íńdíà, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí gbé dígí kalẹ̀ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Aláìsàn yóò gbé apá tàbí ẹsẹ̀ tí ó kù sí iwájú dígí náà, àwòrán rẹ̀ yóò sì hàn ní ibi tí èkejì ìbá wà. Bí ó bá ti ń nà án, tí ó ń ká a, ojú rẹ̀ yóò máa rí méjì. Àwọn kan sì wà tí ìrora wọn rọlẹ̀ nípa bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń bá mu, ṣùgbọ́n dígí kò wọ́n.

Nígbà tí egbò bá jinná ni wọn yóò wọn kùkùté náà láti ṣe ẹsẹ̀ fún un. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ yìí rò pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ṣòro ṣe jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ihò tí kùkùté ń wọ̀ ni, èyí tí ó gbà á mọ́ra bí àkọ̀ ti ń gba idà. Bí àkọ̀ náà bá fún jù, yóò bó ara. Bí ó bá fẹ̀ jù, kùkùté yóò máa yọ́ lọ sókè sódò nínú rẹ̀, yóò sì di egbò. Fún ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ní ìsàlẹ̀ orúnkún, wọ́n ń ṣe àkọ̀ náà kí ìwúwo ara lè bọ́ sórí iṣan líle tí ó wà ní iwájú, ní abẹ́ orúnkún gan-an, kí ó má sì tẹ ṣóńṣó eegun tí wọ́n gé. Dókítà tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ a sì máa sa gbogbo ipá rẹ̀ kí ó má bàa gé kọjá orúnkún, nítorí pé ẹni tí wọ́n gé láti itan yóò lo agbára púpọ̀ ju ẹni tí orúnkún rẹ̀ ṣì kù lọ, kí ó tó lè rìn dé ibì kan náà.

Lẹ́yìn náà ni ìrìn yóò bẹ̀rẹ̀, láàrin ọ̀pá irin méjì tí wọ́n gbé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àgbàlagbà tí ó ti bí ọmọ mẹ́fà yóò tún máa tẹ̀ gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́ bí ọmọ ọdún kan. Wọn yóò kọ́ ọ bí a ti ń gbé ara lé ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ tí ó tẹ̀. Wọn yóò kọ́ ọ pé ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ gbé bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni kí ó sì kọ́kọ́ gbé bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Wọn yóò sì kọ́ ọ ní ìṣubú, nítorí pé kò sí bí kò ṣe ní í ṣubú, ẹni tí kò bá sì mọ bí òun yóò ti dìde yóò máa bẹ̀rù àti jáde nílé. Ní alẹ́ yóò bọ́ ẹsẹ̀ náà sílẹ̀, yóò fi ọṣẹ fọ kùkùté rẹ̀, yóò nù ún gbẹ, yóò sì fi dígí yẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó ti pọ́n níbì kan. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré rárá, nítorí pé egbò lè wà níbẹ̀ kí ó má dùn ún.

Wọ́n lè ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí pé pérépéré, kí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá náà sì tún wá di ohun tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ìlú Jaipur.

Jaipur ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Rajasthan, ní apá àríwá ilẹ̀ Íńdíà. Ìlú àwọn oníṣọ̀nà ni: àwọn tí ń gbẹ́ òkúta wà níbẹ̀, àwọn tí ń lu idẹ wà níbẹ̀, àwọn tí ń gé òkúta olówó iyebíye sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ilé-ìwòsàn Sawai Man Singh tí ó wà ní ìlú náà ni dókítà eegun kan ti ń ṣiṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pramod Karan Sethi. Ọdún 1927 ni wọ́n bí i. Ó kàwé ní Íńdíà, ó sì lọ gba oyè iṣẹ́ abẹ ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Ní ìgbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá gidi níláti lọ sí Pune, ìrìn-àjò tí ó ju 1,000 kìlómítà lọ ní ọ̀nà ilẹ̀. Àwọn ológun ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1944 nítorí àwọn sójà tí ogun gé lẹ́sẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwòsàn eegun ti Igbobi ní Èkó náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 fún ìtọ́jú àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú ogun kan náà.

Sethi wá ṣàkíyèsí ohun kan tí ó ń dà á láàmú. Àwọn aláìsàn tí wọ́n ti fún ní ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, tí wọ́n sì ti kọ́ ní ìrìn, ni wọ́n tún ń padà wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lábẹ́ abíyá. Ẹsẹ̀ náà wà nílé.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ náà bàjẹ́. Irú ẹsẹ̀ tí ó lókìkí jù nígbà náà ni èyí tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1950. Igi ni inú rẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yí, gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó rọ̀ díẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ń wọ bàtà, tí ń jókòó lórí àga, tí ń rìn lórí ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Rajasthan kì í wọ bàtà wọ ilé ìdáná rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í wọ̀ ọ́ wọ ilé ìsìn. Ilẹ̀ ni ó ń jókòó sí jẹun, tí yóò ká ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́ra. Ó ń lóṣòó bí ó bá ń ṣiṣẹ́ àti bí ó bá lọ gbọnsẹ̀. Ó ń wọ inú omi àti ẹrẹ̀ nínú oko rẹ̀. Bí ó bá bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ òyìnbó náà di igi lásán tí kò ní ọmọ ìka, gbogbo ènìyàn yóò sì máa wò ó. Bí ó bá wọ ẹrẹ̀, bàtà á lẹ̀ mọ́ ọn, omi á sì mu igi inú rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ lóṣòó, á ṣubú sẹ́yìn. Kí ni kí ó fi í ṣe? Ọ̀pá kò gba ìtọ́jú kankan, ó sì ń wọ ẹrẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ ilé Yorùbá kò ní í bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọkùnrin tí kò lè dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀, obìnrin tí kò lè kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tàbí kí ó lóṣòó ti àdògán, bí ó bá tilẹ̀ lè rìn láti ilé dé ọjà, ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀ láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó ṣe ẹsẹ̀ ti Amẹ́ríkà wo ilé tiwọn, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn wọn. Ẹni tí ó kù-díẹ̀-káàtó ni ẹni tí ó gbé e wá fún àgbẹ̀ tí kò sì bi àgbẹ̀ léèrè bí ó ti ń jókòó.

Ní ilé-ìwòsàn náà ni oníṣọ̀nà kan wà, Ram Chandra Sharma ni orúkọ rẹ̀. Kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ojú rẹ̀ rí ohun kan kí ọwọ́ rẹ̀ má lè ṣe é. Ó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní iṣẹ́ ọwọ́. Lójoojúmọ́ ni ó ń rí àwọn tí ń fi ọ̀pá tiro kọjá, ó sì ń wo ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ní ọjọ́ kan táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jò, ó sì yà sí ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Níbẹ̀ ni ó ti dúró ń wo bí wọ́n ti ń fi rọ́bà tuntun bo ògbólógbòó táyà, tí wọ́n ń fi ooru yan án títí ó fi le, síbẹ̀ tí ó ṣeé tẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ó dájú ni pé ọ̀dọ̀ àwọn oní-táyà ni ọgbọ́n ẹsẹ̀ rọ́bà ti wá.

Sethi mọ ibi tí eegun ẹsẹ̀ ti ń yí àti ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó yí. Ram Chandra ni ó mọ ohun tí rọ́bà lè gbà àti ohun tí kò lè gbà. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo dókítà tí ó ti Edinburgh dé ni ìbá jókòó ti oníṣọ̀nà kí ó sì gbọ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe jẹ́ kìkì rọ́bà. Ó jọ ẹsẹ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó wúwo púpọ̀, kò sì tẹ̀ tó bí wọ́n ti fẹ́. Wọ́n tún un ṣe. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi igi díẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ kí ó lè di ojúgun mú. Wọ́n fi rọ́bà fúlẹ́fúlẹ́, irú èyí tí ó dàbí kànrìnkàn, sí gìgísẹ̀ àti iwájú ẹsẹ̀, kí ó lè fúyẹ́, kí ó sì lè yí sí gbogbo ọ̀nà. Wọ́n fi okùn inú táyà wé wọn pọ̀. Wọ́n sì fi rọ́bà líle tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ara ènìyàn bo gbogbo rẹ̀. Wọn yóò kó o sínú irin tí inú rẹ̀ ní ìrísí ẹsẹ̀, wọn yóò sì fi ooru yan án. Nígbà tí ó bá jáde, ó ti ní ọmọ ìka márùn-ún. Ọdún 1968 ni wọ́n ń kà sí ọdún tí ẹsẹ̀ Jaipur bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú ni wọ́n fi ṣe ojúgun rẹ̀. Páànù alumíníọ̀mù fúyẹ́, kò sì ṣòro lù fún ọwọ́ tí ó ti ń lu ìkòkò láti kékeré. Wọ́n á lù ú yí àwòrán kùkùté aláìsàn ká, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní ìgbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo irú páìpù oníke tí àwọn àgbẹ̀ fi ń fa omi sí oko: wọ́n á yọ́ ọ nínú ooru, wọ́n á sì fà á wọ orí àwòrán kùkùté náà. Ẹni tí ó wọ ẹsẹ̀ yìí lè lóṣòó, ó lè ká ẹsẹ̀ mọ́ra lórí ẹní, ó lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta àti nínú omi, ó lè gun kẹ̀kẹ́, ó tilẹ̀ lè gun igi. Sethi kò gba ìwé àṣẹ pé òun nìkan ni ó ni ín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè ṣe é. Ní ọdún 1978, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn àgbáyé ti àwọn oníṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, orúkọ Ram Chandra sì wà nínú orúkọ àwọn tí ó kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun dáradára kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń wá a. Fún bí ọdún méje, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ni ó rí ẹsẹ̀ náà gbà. Ní ọdún 1969, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń jẹ́ D. R. Mehta ní ìjàǹbá ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́ yángá, díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n gé e. Ó sàn, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ohun tí ó rò lórí ibùsùn náà: bí ó bá jẹ́ tálákà ni òun, kí ni ìbá ṣẹlẹ̀? Ní ọdún 1975 ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Jaipur, Bhagwan Mahaveer Viklang Sahayata Samiti, tí ń fún àwọn aláìní ní ẹsẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n ń gba aláìsàn láìsí ìwé ìpè, wọ́n ń fún òun àti ẹni tí ó tẹ̀ lé e wá ní oúnjẹ àti ibi tí wọn yóò sùn sí. Àwọn tí ó ti rí ẹsẹ̀, ọ̀pá àti ohun èlò ìrànwọ́ mìíràn gbà lọ́wọ́ wọn ti ju mílíọ̀nù kan lọ, iṣẹ́ wọn sì ti dé Afgánísítàànì, níbi tí àdó olóró inú ilẹ̀ ti gé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ó sì ti dé ilẹ̀ Áfíríkà pẹ̀lú.

Láàrin gbogbo àwọn tí ó wọ ẹsẹ̀ Jaipur, ọmọbìnrin oníjó kan ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Sudha Chandran ni orúkọ rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń kọ́ ijó Bharatanatyam, ijó àtijọ́ kan ti gúúsù Íńdíà, nínú èyí tí oníjó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ lásán lu ilẹ̀ bí ẹni ń lu ìlù. Ní ọdún 1981, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, ọkọ̀ tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ wọ̀ ní ìjàǹbá. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìbá gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Wọ́n fi pílásítà dì í mọ́ inú, ẹran ara sì kú lábẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ orúnkún ni wọ́n ti gé e. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fún Sethi ní ẹ̀bùn Ramon Magsaysay ní ilẹ̀ Filipínì. Sudha ka ìròyìn nípa rẹ̀, ó sì wá a lọ sí Jaipur. Kì í ṣe ìrìn ni ó wá bèèrè. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè jó.

Kò sí ẹni tí ó ti ṣe ẹsẹ̀ fún irú ijó bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ṣe é, ó padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí jó, kùkùté sì bó, ẹ̀jẹ̀ jáde. Wọ́n tún ẹsẹ̀ náà ṣe kí ó lè bá ohun tí ijó ń fẹ́ mu. Ìṣísẹ̀ tí ó ti mọ̀ láti ọmọdé ni ó wá ń kọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí kò jó rí. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá náà kí ó tó tún jáde síwájú àwọn ènìyàn, ní Mumbai, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1984. Ní ọdún 1985 wọ́n fi ìtàn rẹ̀ ṣe sinimá ní èdè Telugu, Mayuri ni wọ́n pè é; òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ipa ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìtàn Sudha dùn, àwọn oníròyìn sì fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ó lè ṣi ènìyàn lọ́nà, kí ó máa rò pé bí rọ́bà bá ti dára, ó tán. Àwọn onímọ̀ kan ti yẹ ẹsẹ̀ Jaipur wò ní orílẹ̀-èdè mélòó kan, wọ́n sì bá àléébù lára rẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, àkọ̀ kò bá kùkùté mu, ojúgun kò sì tọ́ bí ó ti yẹ. Kò yani lẹ́nu. Bí ogunlọ́gọ̀ bá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n sì fẹ́ kí olúkúlùkù rí ẹsẹ̀ tirẹ̀ gbà láàrin ọjọ́ kan tàbí méjì, níbo ni àyè yóò ti wà fún ọ̀pá irin méjì nì, fún ẹ̀kọ́ ìṣubú, fún yíyẹ egbò wò lẹ́yìn oṣù kan? Ẹ̀gbẹ́ kan ni ẹni tí ó rin 500 kìlómítà wá, tí kò ní owó oúnjẹ ọjọ́ kẹta, tí kò sì lè fi oko rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni kùkùté tí ń fẹ́ sùúrù. Àwọn ará Jaipur gbé iye ènìyàn sókè ju ìtọ́jú ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ, kò sì rọrùn fún ẹni tí kò dúró lẹ́nu ọ̀nà náà rí láti sọ pé wọ́n ṣìnà. Ohun tí ó burú ni bí wọ́n bá ka ẹsẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀, tí wọn kò sì ka èyí tí wọ́n ń wọ̀.

Sethi kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2008. Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lórí ẹ̀bùn ti 1981, òun sì ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn tí ó mọ orúkọ Ram Chandra kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni rọ́bà náà ti kọ́kọ́ di ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà kì í wà títí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yóò jẹ, ọmọ ìka kan tàbí méjì yóò ti ya, ẹrẹ̀ yóò ti gbẹ sáàrin wọn. Àgbẹ̀ tí ó ni ín yóò wọ ọkọ̀ padà lọ sí Jaipur láti gba òmíràn. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò ní í bi í léèrè bóyá ó ń wọ ti àkọ́kọ́. Wọn yóò dojú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọn yóò sì wò ó.